Dónọ́ọ̀tì mi ń mu òróró bí ẹni mu omi, ẹ gbà mí o

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin àǹtí mi. Kubwa ni mò ń gbé, níbí l'Abuja, iṣẹ́ ọba kì í sì í jẹ́ kí n tètè délé. Àwọn ọmọ ń bèèrè dónọ́ọ̀tì, n kò sì lágbára láti po fúláwà fúnra mi. Ni mo bá bẹ oníbúrẹ́dì àdúgbò wa kó ta èyí tí wọ́n ti pò sílẹ̀ fún mi, tí kò tíì wọ ààrò. Mo gé e, mo fi ìdérí ìgò lu ihò sí i láàárín, ó di inú òróró.

Ti àkọ́kọ́ dúdú lẹ́yìn, inú rẹ̀ kò jinná rárá. Mo dín iná kù, ti ìkejì wá mu òróró débi pé àwọn ọmọ ń nu ọwọ́ sára kọ́tìnì.

Aládùúgbò mi kan, ọmọ Hausa tó ń dín fanke, ìyẹn puff-puff wọn, tà, ní kí n kọ́kọ́ ju ègé kékeré sínú òróró: bí ó bá jókòó sísàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni ti ọyẹ́ yìí. Ṣé òtútù ni kò jẹ́ kí fúláwà náà wú? Ibo lẹ máa ń gbé e sí, báwo ló sì ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ tó dín in?

Ẹ má wulẹ̀ ní kí n ra fúláwà dónọ́ọ̀tì inú ọ̀rá tí wọ́n ń fi omi nìkan pò. Mo ti ṣe é, puff-puff ló dà.