Ṣé kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Kàbbà níbí, mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìṣègùn bí a ṣe ń yẹ ìwádìí ẹlòmíràn wò. Iṣẹ́ tí a kò tíì yẹ̀ wò lórí medRxiv (ìkànnì tí àwọn olùwádìí ìlera ń gbé iṣẹ́ wọn sí) la fi ń kọ́ra, torí ọ̀fẹ́ ni. A ti ka mélòó kan lórí ibà, ojú wọn sì ti ń là: wọ́n ti ń rí ibi tí àbájáde ti ju ohun tí iye aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò lè gbè lọ. Ọ̀kan nínú wọn wá rí àléébù nínú iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó lè jẹ́ olùdánwò rẹ̀ lọ́la (ilẹ̀ Okun ò kúkú tóbi!). Mo rò ó pé kó kọ̀wé sí bàbá náà ní ìkọ̀kọ̀, àmọ́ àwọn òǹkàwé yòókù ò ní rí i. PREreview, ìkànnì tí a ti ń kọ àyẹ̀wò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síta, gba orúkọ ìnagijẹ, àmọ́ ìyẹn ò ní jẹ́ kí àyẹ̀wò náà hàn lórúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ṣé kó fi orúkọ gidi sí i, àbí ìnagijẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.