Bọ́ọ̀lù bà mí níwájú orí lẹ́nu iṣẹ́ rẹfirí. Ṣé kí n padà sórí pápá lọ́jọ́ Sátidé?

Bàbá Tòbí (Houston)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe rẹfirí bésíbọ́ọ̀lù fáwọn ọmọdé lópin ọ̀sẹ̀. Tòbí ọmọ mi ló fà mí wọ̀ ọ́. Mo kàn ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni, wọ́n ní rẹfirí ò tó, ṣé n ò lè bá wọn ṣe é. Mo lọ kọ́ ọ, mo ra aṣọ, ó sì wọ̀ mí lára. Owó díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe torí owó.

Fẹ́ni tí ò mọ eré náà: pitcher ló ń ju bọ́ọ̀lù wá láti iwájú. Ẹni tó mú igi dúró, ó fẹ́ gbá a. Catcher lóṣòó sẹ́yìn ẹ̀, òun ló ń hán an. Èmi rẹfirí wà lẹ́yìn catcher, mo tẹ̀ díẹ̀, mò ń wò ó bóyá bọ́ọ̀lù gba ibi tó yẹ kó gbà. Fáwọn ọmọ ọdún 12, ẹsẹ̀ bàtà 46 ni láti ibi tí pitcher dúró sí dé ibi tí ẹni tó mú igi wà. Kò jìnnà rárá.

Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan fẹ́gbẹ́ ta lára igi, dípò kó lọ síwájú, ẹ̀yìn ló yà sí, ó sì bá ìbòjú irin mi níwájú orí, gbàù! Mi ò ṣubú. Etí mi kàn ń hó ni. Kóòṣì bi mí pé ṣé kò sí, mo ní kò sí. Mo parí eré náà. Ká má parọ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rántí bí abala tó kẹ́yìn ṣe lọ.

Látìgbà náà, orí ń fọ́ mi, òòyì máa ń kọ́ mi tí mo bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, iná ibi iṣẹ́ sì ń ta mí lójú. Ibuprofen ni mò ń lò. Òní ti di Ọjọ́rú. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sí eré méjì ní Sátidé, Ìyá Tòbí sì ní tí mo bá tún wọ aṣọ yẹn, òun á dáná sun ún.

Ìbéèrè mi rèé: ìbòjú wo ló dáa jù? Èyí tó bo gbogbo orí bíi tàwọn oníhockey, àbí ti àtijọ́ tí wọ́n ń fi okùn dè mọ́ orí? Mo fẹ́ ra tuntun kí Sátidé tó pé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Rẹfirí tiwa, èébú nìkan ló ń jẹ 😂

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú (Maryland)

Bàbá Tòbí, ẹ kú ewu. Àmọ́ ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ ìbòjú kọ́ ló wà nílẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn: ṣé ẹ bì lẹ́yìn tó bà yín? Ṣé orí fífọ́ náà ń le sí i ni àbí ó ń rọlẹ̀? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Ṣé ẹ ń wakọ̀?

Bàbá Tòbí

Mo bì lẹ́ẹ̀kan lálẹ́ Sátidé. Ẹ̀wà tí mo jẹ ni mo rò pé ó fà á. Orí fífọ́ ò le sí i, kò sì lọ. Mi ò lo irú oògùn yẹn. Mo ń wakọ̀, ma. Fọ́kílíìfù ni mò ń wà níbi iṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú (Maryland)

Yéè! Ẹ̀wà kẹ̀?

Ẹ wò ó, ẹ gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná sínú ike, ẹ dé e pa, kẹ́ ẹ wá fi ike náà kọ lu ògiri. Ike ò fọ́. Ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wo inú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Irin ìbòjú gba ojú là, agbárí ò fọ́, àmọ́ ọpọlọ mì jìgìjìgì nínú ibi tó wà. Concussion ni wọ́n ń pè é. Èèyàn ò ní láti dákú kó tó ní in. Èyí tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, orí fífọ́, òòyì, iná tó ń ta lójú, èébì, abala eré tẹ́ ò rántí, ó ti tó.

Ẹ lọ rí dókítà lónìí. Kì í ṣe lọ́la. Ibuprofen yẹn, ẹ dá a dúró títí dókítà á fi sọ pé ẹ̀jẹ̀ ò dà sínú orí, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i. Ẹ má wa fọ́kílíìfù lálẹ́ òní. Kí Ìyá Tòbí wà yín lọ.

Tẹ́ ẹ bá sì rí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, ẹ má retí ẹnikẹ́ni, 911 ni: kí orí fífọ́ máa le sí i, kẹ́ ẹ máa bì léraléra, kí ọ̀rọ̀ máa wọ́ lẹ́nu, kí ẹyinjú kan fẹ̀ ju èkejì lọ, kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú tipiri, gìrì, tàbí oorun tí wọn ò lè jí yín nínú ẹ̀.

Ọkọ Ìyàwó (Dallas)

Ẹ má dẹ́rù ba bàbá náà jù. Èmi náà ti fi orí kan bọ́ọ̀lù rí, mo wà láàyè. Kerwin Danley, rẹfirí líìgì àgbà bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, bọ́ọ̀lù bà á lójú, ó padà, wọ́n sì fi ṣe olórí ikọ̀ rẹfirí ní 2020. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fún nírú ipò yẹn pátápátá. Ká ní ó jókòó sílé ńkọ́?

Rẹfirí Àgbà (Atlanta)

Ọkọ Ìyàwó, tẹ́ ẹ bá máa sọ ìtàn Danley, ẹ sọ ọ́ tán.

April 2008 ni, ní Dodger Stadium ní Los Angeles. Brad Penny ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ohun tí catcher ń retí kọ́ ló jù, bọ́ọ̀lù náà sì bá Danley lágbọ̀n. Eré rẹ̀ ju máìlì 90 lọ ní wákàtí. Ìbòjú wà lójú ẹ̀ o. Ó ṣubú lulẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n gbé e sí kúrò lórí pápá, ó di ọsibítù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, igi ẹnì kan kán, ègé rẹ̀ tún bà á lórí. Ó padà, lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe pé ó ń gbé ibuprofen mì kó tó lọ dúró lórí pápá.

Èmi ti lo ọdún 11 nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn tó wà lókè gan-an kì í mú un jẹ. Lóṣù August 2024, igi Giancarlo Stanton tó ń gbá bọ́ọ̀lù kán ní Yankee Stadium, ègé rẹ̀ fò sẹ́yìn, ó bá Nick Mahrley tó ń ṣe rẹfirí ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n gbé òun náà sí jáde. Lóṣù April 2025 ní Minneapolis, Hunter Wendelstedt ò tiẹ̀ dúró lẹ́yìn catcher, ẹ̀gbẹ́ base àkọ́kọ́ (ibi àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sá lọ) ló wà, níbi tí rẹfirí kì í ti í wọ ìbòjú. Bọ́ọ̀lù ta bá a. Ó kúrò nínú eré náà.

Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín tiwọn àti tiwa. Níbẹ̀, rẹfirí mẹ́rin ló wà lórí pápá. Tí ọ̀kan bá fara pa, èkejì á sáré wọlé lọ di ìhámọ́ra, eré á tẹ̀ síwájú. Oníṣègùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní tiwa, ẹ̀yin nìkan ni. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni bọ́ọ̀lù bà, òfin wà. Ìpínlẹ̀ Washington ló kọ́kọ́ ṣe é ní 2009, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti ṣe tiwọn: ọmọ tí wọ́n bá ti fura pé ọpọlọ ẹ̀ mì, kó kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ padà títí oníṣègùn á fi fọwọ́ sí i. Àwa gan-an ni wọ́n kọ́ pé ká máa ṣọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ta wá ni yóò yọ rẹfirí? Kóòṣì bi yín, ẹ ní kò sí. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún wò yín.

Bàbá Tòbí, ká ní ọmọ ọdún 12 ló sọ fún yín pé òun ò rántí abala tó kẹ́yìn, ṣé ẹ máa jẹ́ kó padà wọlé?

Bàbá Tòbí

Rárá. Mi ò ní jẹ́ kó padà.

Ìyá Ìbejì (London)

Ìyá Tòbí ni mo wà lẹ́yìn ẹ̀. Kó sun aṣọ náà, kó sun bàtà, kó sun fèrè. Eré wo ló ní kéèyàn lọ dúró níbi tí wọ́n ti ń ju òkúta?

Rẹfirí Àgbà (Atlanta)

Màmá, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́ o. A kì í lo fèrè náà 😄

Òpìtàn (Chicago)

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́. Bọ́ọ̀lù yẹn, bíi gíráàmù 145 ni, ó sì le. Àwọn tó ni eré náà sì pẹ́ kí wọ́n tó ka orí èèyàn sí. Ní August 16, 1920, ní New York, Carl Mays ju bọ́ọ̀lù tó bá Ray Chapman ti Cleveland lórí. Kò sí akoto lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dé e nígbà yẹn. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ẹ wá mọ ọdún tí líìgì àgbà tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti dé akoto tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù? 1971! Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì lómìnira láti má dé e. Apá akoto tó ń bo etí di 1983.

Awẹ́ tó ń mì dirodiro lábẹ́ àgbọ̀n ìbòjú yín, tó ń dáàbò bo ọ̀fun, ẹ ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ní 1976, Steve Yeager, catcher Dodgers, dúró jẹ́ẹ́, ó ń retí kó kàn án láti gbá bọ́ọ̀lù. Igi ẹlòmíì kán, ègé rẹ̀ sì gún un lọ́fun. Bill Buhler tó ń tọ́jú àwọn eléré ẹgbẹ́ náà ló ṣe awẹ́ yẹn fún un. Ní July 2007, Mike Coolbaugh ń ṣe kóòṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ base àkọ́kọ́ ní Arkansas, bọ́ọ̀lù bà á lọ́rùn, ó gbabẹ̀ kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ní káwọn kóòṣì tó ń dúró síbẹ̀ máa dé akoto. Ẹnì kan ní láti fara gbá a kí wọ́n tó ṣòfin.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú (Maryland)

Bàbá Tòbí, ṣé ẹ ti lọ?

Bàbá Tòbí

Mo wà ní urgent care, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀ràn kánjúkánjú. Ìyá Tòbí ló wà mí wá, ó sì ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń kọ. Ó ní kí n kí Ìyá Ìbejì.

Ìyá Ìbejì (London)

Ẹ bá mi kí i o. Tòbí fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ipò wo ló ń gbá?

Bàbá Tòbí

Catcher ni. Ó máa ń ṣe pitcher náà.

Rẹfirí Àgbà (Atlanta)

Ẹ ṣọ́ ìyẹn o. Ní Little League, líìgì bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ọmọ tó bá ti ju bọ́ọ̀lù 41 kò gbọdọ̀ bọ́ sípò catcher mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 12, bọ́ọ̀lù 85 ló pọ̀ jù lójúmọ́, tó bá sì ju 66 sókè, ọjọ́ mẹ́rin ni kó fi sinmi. Ìgúnpá ọmọ kì í pariwo kó tó bà jẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣí ìyẹn lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú (Maryland)

Kí n fi ẹyọ kan sí i kẹ́ ẹ tó ṣí i lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá ọmọ láyà lákòókò burúkú kan nínú ìlù ọkàn lè mú kí ọkàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kódà bí kò ṣe bà á gan-an. Ọmọ tó bá ṣubú lẹ́yìn irú ẹ̀, ẹ má da omi sí i lára, ẹ má gbé e jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà ẹ̀, kẹ́nì kan sáré mú ẹ̀rọ AED wá (èyí tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn tó dáwọ́ dúró), ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà. Ẹ béèrè ní pápá yín ibi tó wà. Àgbà náà lè nílò ẹ̀: John McSherry, rẹfirí líìgì àgbà, ọkàn ẹ̀ dáwọ́ dúró lórí pápá ní Cincinnati lọ́jọ́ àkọ́kọ́ eré ní April 1996, kò sì tún dìde mọ́. Ẹni ọdún 51 ni.

Ọkọ Ìyàwó (Dallas)

Ó dáa, mo ti gbọ́. Bàbá Tòbí, ẹ má bínú.

Bàbá Tòbí (Ọjọ́ Ẹtì)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Láti urgent care, wọ́n dárí mi sí ọsibítù, wọ́n ya orí mi, ẹ̀jẹ̀ ò dà. Dókítà wá ní kí n má rò pé àwòrán tó mọ́ túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan, torí concussion kì í sábà hàn nínú ẹ̀. Ọjọ́ méjì ìsinmi, kí n jìnnà sí fóònù (ẹ má sọ fún un pé mo wà níbí), lẹ́yìn náà kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀. Kò sí fọ́kílíìfù, kò sí rẹfirí, títí mo fi máa padà wá rí i. Mo pe ọ̀gá tó ń pín eré fún wa, mo rò pé á bínú. Ó ní ká ní òun mọ̀ ni, òun ì bá ti yọ mí ní Sátidé yẹn.

Àmọ́ ìbòjú ńkọ́? Ẹ ò tíì dá mi lóhùn.

Rẹfirí Àgbà (Atlanta)

Oríkunkun yìí ga o. Èyí tó bo gbogbo orí máa ń dáàbò bo àárín orí àti ẹ̀gbẹ́, ti àtijọ́ sì fúyẹ́, ó sì rọrùn láti ṣí. Èmi ń lo ti àtijọ́. Ẹ má ṣe dè é pinpin: tí bọ́ọ̀lù bá bà á tó sì yí díẹ̀, ó ti bá yín gbé lára agbára náà lọ. Tìmùtìmù inú ẹ̀ tó bá ti gan, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Irin tó bá ti tẹ̀, ẹ jù ú nù, títí kan èyí tó gba ti Sátidé yẹn. Ẹ dúró sí àlàfo tó wà láàárín catcher àti ẹni tó mú igi, ẹ má ṣe dúró gangan sẹ́yìn orí catcher. Bọ́ọ̀lù bá sì ń bọ̀, ẹ má yíjú, torí ẹ̀gbẹ́ orí àti ọrùn lẹ máa ṣí sílẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn tí dókítà bá fọwọ́ sí i o.

Bàbá Tòbí

Mo gbọ́. Mo fẹ́ wo irin tèmi bóyá ó tẹ̀, àmọ́ Ìyá Tòbí ti gbé gbogbo àpò náà pamọ́. Mo ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn fìríìjì, mi ò rí i.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú (Maryland)

Ta ló ní kẹ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?