Ta ló mọ ìtàn Oliver Kirk, akànṣẹ́ ayé àtijọ́?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń wá ìtàn ìgbésí ayé Oliver Kirk, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba góòlù méjì nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Òlíḿpíìkì St. Louis, 1904: ọ̀kan ní bantamweight, ìkejì ní featherweight (ìsọ̀rí ìwọ̀n méjì fún àwọn akànṣẹ́ tí ara wọn fúyẹ́). Òun nìkan ló ṣe irú ẹ̀ títí dòní. Lóòótọ́, ará Amẹ́ríkà nìkan ló kànṣẹ́ níbẹ̀ lọ́dún náà, George Finnegan tí Kirk nà ní bantamweight sì kéré sí i ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe àkàrà!

Ibi tí mo rí i sí, ìlà kan péré ni: orúkọ, ìwọ̀n, góòlù. Iṣẹ́ wo ló ń ṣe? Ta ló kọ́ ọ? Ibo ni mo ti lè ka ìwé ìròyìn St. Louis ìgbà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó dá mi lóhùn.