Àbúrò mi àti tramadol: mo wá jábọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo béèrè pé ṣé kí n gbé àbúrò mi, tí tramadol, oògùn apàrora yẹn, ti di oúnjẹ fún, lọ sọ́dọ̀ àwọn oníwàásù tó ń gba irú wọn sílé ní Adó-Èkìtì, mo ti padà dé.

Ibi àkọ́kọ́ tá a dé, ààwẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kó jáwọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo kọ̀, torí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi níbí pé téèyàn bá ṣàdédé dá a dúró, gìrì lè gbé e. Ẹ ṣeun. Ibi kejì ní dókítà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Òógùn bò ó, ìgbẹ́ gbuuru ò jẹ́ kó sinmi, kò róorun sùn. Pásítọ̀ tó ń jókòó tì í lóru, tí wọ́n jọ ń ka Sáàmù, òun náà ti fagbó rí. Ó ní Teen Challenge, ètò àwọn Kristẹni tó ń ran àwọn tí oògùn ti di bárakú fún lọ́wọ́, tí pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ David Wilkerson dá sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1958, làwọn wò kọ́ṣẹ́.

Àbúrò mi tún padà lo tramadol lẹ́ẹ̀kan, níbi ìsìnkú kan tó wálé fún. Wọn ò lé e (èmi ì bá ti lé e!).

Oṣù keje tó ti wà lọ́dọ̀ wọn rèé. Sátidé tó kọjá, ìdí odó ni mo bá a, òun àti ẹnì kan ń gún iyán, ọmọ odó ò fì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ní í lọ láìjẹun o.”

Mo jẹun. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí.