Wọ́n ní ọwọ́ làwọn máa gbà fi stent (ọ̀pá oníhò kékeré tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀) sí ọrùn bàbá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Wúrà: Ẹ kú ilé o. Bàbá mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní Houston, ẹni ọdún 72, ojú òsì wọn ṣàdédé ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó là padà. Scan ní iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ọpọlọ lọ́rùn apá òsì ti dí tó 80%. Dókítà ní òun ò ní gba itan, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún lòun máa gbà pẹ̀lú kátẹ́tà kan (ọ̀pá rírọ̀ tín-ín-rín tí wọ́n ń tì bọ inú iṣan) tí wọ́n ń darí ẹnu ẹ̀. Màmá ń sunkún pé ọrùn ló ń dùn wọ́n, kí lọwọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣé wọn ò fẹ́ fi bàbá mi kọ́ṣẹ́ báyìí?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Rárá o, ẹ fọkàn balẹ̀ mà. Cath lab ni mo ti ń ṣiṣẹ́, yàrá tí wọ́n ti ń fi kátẹ́tà tọ́jú ọkàn àti iṣan. Ẹ bi wọ́n bí arch bàbá ṣe rí lórí CT, ìyẹn ibi tí iṣan ńlá ti tẹ̀ kọdọrọ lókè ọkàn. Lára àgbà míì ó máa ń lọ́ gan-an, téèyàn bá gba itan wá tó ń fi wáyà wá ọ̀nà níbẹ̀ ṣáá, ìdọ̀tí ara iṣan lè já lọ sí ọpọlọ, stroke nìyẹn. Àwọn kan sì wà tí carotid òsì wọn, ìyẹn iṣan ọrùn tẹ́ ẹ sọ yẹn, yọ láti ara ẹ̀ka ọ̀tún, bovine la máa ń pè é, ọwọ́ ọ̀tún ló rọrùn jù fún irú wọn.

Bàbá Tolú: Ọwọ́ náà ni wọ́n gbà fún ẹ̀gbọ́n mi ní London. Wọ́n kàn de ike kan tó ní afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì jókòó jẹun lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹni tí wọ́n gba itan ẹ̀ á kọ́kọ́ nà gbalaja ná.

Ìyá Wúrà: Kátẹ́tà yẹn wá ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Bísí: Èyí tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ ẹnu ẹ̀ látilé iṣẹ́ ló máa wà, tó bá gba ọwọ́ wá tó ṣẹ́rí gòkè sọ́rùn, tí stent bá ń gba inú ẹ̀ kọjá ó lè yọ̀ bọ́ sínú arch. Eléyìí, dókítà á yí nǹkan kan lọ́wọ́ ìta, ẹnu ẹ̀ á tẹ̀ síbi tó fẹ́, á sì dúró gírí. Àmọ́ ó máa ń nípọn, iṣan ọwọ́ sì tín-ín-rín, iṣan náà lè sún kì, ó lè dí, torí ẹ̀ ẹ ní kí wọ́n fi ultrasound wọ̀n ọ́n kọ́kọ́. Kẹ́ ẹ sì bi dókítà iye tó ti ṣe báyìí rí, má tijú bi í o.

Dọ́kítà Àdúgbò: Ẹ bèèrè iṣẹ́ abẹ ọrùn náà o. Nínú CREST, ìwádìí tó fi stent wé iṣẹ́ abẹ ọrùn, tó jáde ní 2010, stroke pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gba stent, heart attack ló pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n là lọ́rùn, àwọn tó ti kọjá 70 ni abẹ sì ṣe dáadáa fún jù. Aspirin àti clopidogrel, oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, kí bàbá má fo ọjọ́ kankan. Ṣé wọ́n ń mu àgbo? Ó lè bá oògùn yẹn jà.

Ìyá Wúrà: Hmm, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, láràárọ̀. Ẹ ṣé gan-an, Thursday la máa rí dókítà, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ títí kan ti àgbo.