Aago tí mo tò fúnra mi ń dúró ṣáá, ṣé ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́?

Ará Sùúrùlérè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ́ńjìnnì NH35, ti ilé-iṣẹ́ Seiko, ni mo lò, ojú aago mìlímítà 28.5, ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì rà lọ́tọ̀. Ó ń rìn, àmọ́ bó bá ti di 1:05 yóò dúró. Bí mo bá mì ín, á tún lọ títí di 2:11, á tún dúró. Ọjọ́ inú rẹ̀ náà ń yí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ dípò ọ̀gànjọ́ òru. Ṣé kí n ra ẹ́ńjìnnì mìíràn ni?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Àbúrò, má ná owó kankan. Wo àkókò tó ń dúró sí yẹn dáadáa. Ibi tí ọwọ́ wákàtí àti ọwọ́ ìṣẹ́jú ti ń pàdé ni, nǹkan bí ìṣẹ́jú 65 síra wọn. Ọwọ́ ìṣẹ́jú ló ń ha ọwọ́ wákàtí lórí. Ká ní ojú kan náà ló ń dúró sí nígbà gbogbo ni, àmì tó yọ sókè lójú aago ni à bá fura sí.

Gbé e sí ìpele ojú rẹ, fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó láti ẹ̀gbẹ́, kí o sì yí i yípo wákàtí 12. Wàá rí ibi tí àlàfo àárín ọwọ́ méjèèjì ti parí. Fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú aago kí o tó yọ ọwọ́ náà, nítorí pé ibi tí nǹkan bá ti ha ojú aago kì í parẹ́ mọ́. Wo ihò ọwọ́ pẹ̀lú: NH35 ń gba mìlímítà 1.50 fún wákàtí, 0.90 fún ìṣẹ́jú, 0.20 fún sẹ́kọ́ńdù. Bí wọ́n bá ta ọwọ́ ETA 2824, ẹ́ńjìnnì irú mìíràn, fún ọ, ti sẹ́kọ́ńdù rẹ̀ jẹ́ 0.25, á máa yọ̀, á sì jábọ́.

Ti ọjọ́ ńkọ́? Bí ó ti wà láìní ọwọ́, yí wáíńdà, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ aago yẹn, síwájú títí ọjọ́ á fi fò. Dúró níbẹ̀ gan-an. Tẹ ọwọ́ wákàtí sí 12, ti ìṣẹ́jú tẹ̀ lé e sí 12, ti sẹ́kọ́ńdù gbẹ̀yìn. Kí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan dúró pẹrẹsẹ. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìṣòro tòní ló ń padà bọ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú: Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fáànù kí ẹ tó ṣí i. Lásìkò ọyẹ́, eruku tí ojú ò rí ló ń jókòó sábẹ́ gíláàsì. Ẹ má sì gbé ẹ́ńjìnnì lé tábìlì lásán nígbà tí ẹ bá ń tẹ ọwọ́ sí i, inú ohun ìgbámú rẹ̀ ni kó wà.

Ará Sùúrùlérè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Àlàfo kan tún wà láàárín wáíńdà àti ilé aago, ó tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Ṣé kí n gé ọ̀pá rẹ̀ tó wọnú ẹ́ńjìnnì ní kíá?

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: Má gé e lẹ́ẹ̀kan náà o! Wọn àlàfo náà, gé ohun tó dín díẹ̀ sí i, fi fáìlì yọ ìyókù, kí o máa dán an wò. Ọ̀pá tó bá kúrú ti bàjẹ́ nìyẹn. Fi aṣọ bò ó nígbà tí o bá ń gé e, wóró irin náà máa ń fò sójú. Kí wáíńdà wọlé pátápátá kí o tó tẹ ojúhò kékeré tó ń tú ọ̀pá sílẹ̀. Bí o bá fà á yọ láti ipò tí a fi ń ṣe àkókò, kẹ̀kẹ́ inú lè yẹ̀, ìyẹn á sì mú kí o tú ojú aago.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú: Ohun kan tún ku. Sìkúrúdìráfà tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́nu. Ó dára fún ìdè fóònù, kò dára fún aago. Sípíríǹgì wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, aago á sì máa sáré ìṣẹ́jú púpọ̀ lójúmọ́. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì sí ẹ̀gbẹ́ aago. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá yí, ẹ wá ẹ̀rọ tó ń yọ mágínẹ́ẹ̀tì kúrò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn.