Ẹ gbà mí, ọkọ̀ mi ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mi kí n tó tà á fún àwọn tó ń ra irin jákujàku. Láti nǹkan bí oṣù kan ni ó ti ń gbóná nígbàkígbà tí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12. Mẹkáníìkì ti gba owó rídíétọ̀ tòkunbọ̀ lọ́wọ́ mi, ó gba owó họ́ọ̀sì, ó tún gba ti páǹpù omi, síbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, tèmi ti aṣọ òfì tí mo wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi, ojú títì ni mo dúró sí tí mò ń da omi inú ọ̀rá sí ọkọ̀, tí àwọn ọlọ́kadà sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ mi ní kí n má ṣe bá òun sọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí mọ́.

Bàbá Arìnrìnàjò: Ẹ ò sọ irú ọkọ̀ tí ó jẹ́, ẹ ò sì sọ bóyá ó ń gbóná nígbà tí ọ̀nà bá já geere. Aṣọ òfì yẹn kò lè là wá lóye.

Ìyá Ìbejì: Toyota Camry ọdún 1999 ni. Bí mo bá ti kọjá Ọ̀jọ́ta tí ọ̀nà sì ṣí, abẹ́rẹ́ géèjì á padà sí àárín. Ẹ má fi òfì mi ṣe ẹ̀sín, ó dùn mí ni.

Ògbó Awakọ̀: Kí wọ́n yọ tẹmósítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì tó sì ń dí i, dànù. Peugeot 504 tí mo fi ń na Ìbàdàn sí Èkó láyé ìgbà yẹn kò ní in, kò sì gbóná rí.

Rewáyà: Ẹ má bínú, bàbá. Tẹmósítáàtì tí kò bá ṣí kò mọ ọ̀nà tó dí yàtọ̀ sí èyí tó já geere. Ibi méjèèjì ni ọkọ̀ yóò ti gbóná. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ iwájú ni ó ń tu rídíétọ̀ lára, ṣùgbọ́n bí ó bá ń rá pálá, fáànù nìkan ló kù. Bẹ́líìtì ni ó ń yí fáànù 504 yín, iná ni ti Camry ń lò. Mọ̀mí, ṣé fáànù yín ń yí?

Ìyá Ìbejì: Ó ń yí dáadáa, ojú mi ni mo fi rí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, tó jó. Omi ń dínkù láìsí ibi tó ń jò sí, èéfín funfun ń jáde, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì dà bí ògì. Ẹ yẹ ọ́ìlì wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ìdérí rídíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, nítorí omi tó ń hó lábẹ́ ìdérí yóò tú sí yín lójú.

Ògbó Awakọ̀: Mo ti sọ tèmi. Ẹ yọ tẹmósítáàtì.

Ìyá Ìbejì: Ọ́ìlì mọ́, kò sí èéfín. Tẹmósítáàtì náà, wọ́n ti yọ ọ́ láti ọdún tó kọjá. Kúláǹtì ni mi ò rà, omi lásán ló wà níbẹ̀. Ohun tí mi ò tíì sọ, tí mi ò sì fẹ́ kí ọkọ mi gbọ́, ni pé mo fi imú ọkọ̀ kọ lu ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Fáànù fọ́, a ra tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu, ni mẹkáníìkì bá gé e, ó sì so ó pọ̀.

Bàbá Arìnrìnàjò: Nígbà wo nìyẹn?

Ìyá Ìbejì: Ó tó oṣù kan.

Rewáyà: Háà, mọ̀mí! Bí wọ́n bá so wáyà méjèèjì ní òdì, fáànù yóò máa yí sódì, dípò kí ó máa fa afẹ́fẹ́ gba inú rídíétọ̀ wọlé, yóò máa tì í síta. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró títí fáànù yóò fi yí, kí ẹ wá fi bébà kan síwájú rídíétọ̀. Ó yẹ kí ó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Mo ṣe é nírọ̀lẹ́ yìí. Bébà náà fò dé ẹsẹ̀ géètì. Mo pe mẹkáníìkì, ó ní iṣẹ́ kékeré ni, òun á pààrọ̀ wáyà náà lọ́la. Rídíétọ̀ mi àkọ́kọ́ tó tú gbé lọ ńkọ́, ta ni yóò bá mi gbà á padà?